Ẹ̀kọ́ Toṣù Yìí: Nígbà Tí Wáráńtì Bá Parí, Ta Ni Yóò San Owó Gíà?

 

Ẹ̀kọ́ toṣù yìí dá lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, pàápàá gíà ọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bi wá pé kí ló kan ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ gíà, ìdáhùn wa kò jìnnà. Àwa tí a tẹ̀dó sí Òkè Ọya, ọkọ̀ ni a fi ń ná ọjà, ọkọ̀ ni a fi ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ náà ni a fi ń kọjá Jẹ́bà lọ ṣe Iléyá nílé. Ohun tí ìdílé kan fi ọdún mẹ́ta dá jọ nínú àjọ, gíà kan ṣoṣo lè gbé e mì lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wa ni.

1. Kí ni wáráńtì?

Wáráńtì ni ẹ̀jẹ́ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ jẹ́ fún ẹni tó rà á ní tuntun, pé bí nǹkan báyìí bá bàjẹ́ láàrin iye ọdún kan tàbí iye máìlì kan, àwọn ni yóò tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Ohun méjì ni kí a fi sọ́kàn nípa rẹ̀.

Èkíní, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú ọdún àti máìlì ni yóò fi òpin sí ẹ̀jẹ́ náà. Bí wáráńtì bá jẹ́ ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 96,000 kìlómítà, ẹni tó ń wa 20,000 máìlì lọ́dún yóò lò ó tán ní ọdún 3 péré.

Èkejì, wáráńtì kì í sọ iye ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò lò láyé. Iye ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà yóò fi bá oníbàárà ru ẹrù ni ó ń sọ. Láti ọjọ́ kejì rẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa dá ẹrù náà rù.

2. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Ẹ jẹ́ kí a wo Honda. Ọkọ̀ tó lórúkọ rere ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi lẹ́kọ̀ọ́ nínú. Àwọn Odyssey ti ọdún 1999 sí 2001, àti àwọn Accord V6 ti 2000 àti 2001, gíà ọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láìtọ́jọ́. Wáráńtì wọn ní tuntun jẹ́ ọdún 3 tàbí 36,000 máìlì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ín ló jẹ́ pé ìgbà tí wáráńtì ti kọjá tán ni gíà yọnu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni wọ́n ń bù fún wọn. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n pariwo, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Honda wá fi kún wáráńtì gíà àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ó di ọdún 7 tàbí 100,000 máìlì.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní April 2004, ilé iṣẹ́ náà tún pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún (1.1 mílíọ̀nù) padà fún àyẹ̀wò. Lára wọn ni Odyssey 2002 sí 2004, Pilot 2003 àti 2004, Accord V6 2003 àti 2004, àti àwọn Acura kan. Ooru ló ń mú gíà kejì nínú wọn. Eyín rẹ̀ lè kán, gíà sì lè gan lójijì nígbà tí ọkọ̀ wà lórí eré. Accord oní-4-sílíńdà kò sí nínú ìpè yìí.

Ẹ tún wo Nissan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ló ń lo gíà tí à ń pè ní CVT. Gíà yìí kò ní eyín ìpele kìíní, ìkejì, ìkẹta bí ti àtijọ́. Bẹ́líìtì irin kan ló ń sún lórí kẹ̀kẹ́ irin méjì tó ń fẹ̀ tó sì ń sún kì. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀ lórí rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2010 Nissan sún wáráńtì gíà náà láti ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì dé ọdún 10 tàbí 120,000 máìlì fún àwọn ọkọ̀ ti 2003 sí 2010. Ẹjọ́ tún dìde lórí àwọn tó tẹ̀lé wọn. Fún Altima 2013 sí 2016, wọ́n sún un dé ọdún 7 tàbí 84,000 máìlì.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà tó fi ohùn ṣọ̀kan rí nǹkan gbà. Ṣùgbọ́n àfikún náà ní ọjọ́ tirẹ̀ tó parí. Wáráńtì parí, àbùkù inú gíà kò parí.

3. Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Orúkọ tí a fún un ti sọ ìtàn rẹ̀: Tòkunbọ̀. Ọkọ̀ ló ti òkun bọ̀, wáráńtì rẹ̀ kò bá a wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni àkọ́kọ́ rà á ní tuntun, ilé iṣẹ́ ń tún un ṣe fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni kejì tàbí ìkẹta gbọ́ iye tí gíà tuntun yóò jẹ, ó rí i pé owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tì í sí ọjà gbàǹjo. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gba Èkó wọlé, tí wọ́n á fọ̀ ọ́, tí yóò máa dán yinrin, tí yóò sì dé Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì. Kì í ṣe gbogbo tòkunbọ̀ ló rí báyìí o. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́yìn nínú ìlà ni ẹrù ń já lé lórí, àwa la sì wà lẹ́yìn ìlà.

4. Ohun tó ń pa gíà ọ́tò

Nínú ọkọ̀ mánúwà, ẹsẹ̀ wa ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Nínú ọ́tò, ọ́ìlì gíà ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ náà. Ọ́ìlì yìí ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà, òun ló ń fún àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ pọ̀, òun náà ló tún ń gbé ooru jáde. Bí ó bá gbóná jù fún ìgbà pípẹ́, yóò jóná, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀, yíyọ̀ náà á sì tún dá ooru mìíràn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa bá a lọ títí gíà yóò fi kú.

Àwọn ohun tó ń fa èyí lọ́dọ̀ wa kò ṣàjèjì: ẹrù àpọ̀jù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú oòrùn, ọ́ìlì tí kì í ṣe irú ti ọkọ̀ náà, àti ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ rí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sọ nígbà kan pé ọ́ìlì gíà àwọn kò nílò pípààrọ̀ láéláé. Ẹni tó ra ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn.

Rédíétọ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá láti tutù. Nissan Pathfinder, Xterra àti Frontier ti 2005 sí 2010 ni ẹjọ́ tiwọn dá lórí èyí: ibẹ̀ ń jò láti inú, omi sì ń dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà. Rédíétọ̀ ló bàjẹ́, gíà ló kú.

5. Kí a tó sanwó

(a) Ẹ ka nọ́ńbà oníwọ̀n 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Àmì kẹwàá nínú rẹ̀ ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 3 ni 2003, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ ọdún mìíràn, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá nájà. Àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, NHTSA, ní ibi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀, yóò fi hàn bí ìpè-padà kan bá wà láàrin ọdún 15 tí wọn kò tíì bá ọkọ̀ náà ṣe.

(b) Ẹ fa géèjì ọ́ìlì gíà yọ, kí ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Pupa dára. Dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná kò dára. Bí ó bá dà bí mílíìkì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ. Àwọn ọkọ̀ kan kò ní géèjì yìí, mẹkáníìkì ni yóò bá yín yẹ tiwọn wò.

(d) Ẹ ní kí wọ́n má ṣe tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ tàn án ní tútù, ẹ fi sí R, ẹ fi sí D. Bí ó bá ń ṣe ìlọ́ra kí ó tó mú, tàbí tó gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ kíyè sára.

(e) Ẹ wà á fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ gun òkè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ gíà tó ń kú lọ kì í fi àrùn rẹ̀ hàn títí yóò fi gbóná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí eré kò pọ̀ sí i, gíà ń yọ̀ nìyẹn.

(ẹ) Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tí olùtajà bá yín wá.

(f) Ẹ má ṣe ná gbogbo owó tán lórí ríra. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe.

6. Lẹ́yìn tí a ti rà á

Ẹ wo ìwé ọkọ̀ kí ẹ mọ irú ọ́ìlì tí gíà rẹ̀ ń mu. Ti CVT Nissan ni NS-2 tàbí NS-3, ti Honda ti àwọn ọdún tí a sọ ni Z1 tàbí DW-1 tó rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì gíà lásán kò gbọdọ̀ wọ inú CVT. Ẹ má ṣe fi sí R nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ síwájú. Bí ọkọ̀ ọ́tò bá kú lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe fi okùn wọ́ ọ lọ ọ̀nà jíjìn, nítorí bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń ti ọ́ìlì yí inú gíà ká. Ẹ gbé e sórí ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀.

7. Nígbà tí àwa náà bá fẹ́ tà

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti nira jù. A ti rí i bí ẹrù ṣe ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nígbà tí ó bá dé ọwọ́ wa, ṣé àwa náà yóò da ọ́ìlì tó nípọn sínú gíà kó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a tà á fún ará ilé kejì? Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, nígbà tí ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ lọ́jà tí ó bá tútù lábẹ́ gbígbẹ, àti ìkìlọ̀ líle tó fún ẹni tó ń tà á. Gíà tó ti ń yọ̀ lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán, òkìtì oúnjẹ yẹn náà ni. Ká sọ pé "bó ṣe rí nìyẹn, ẹ wò ó dáadáa" kò túmọ̀ sí pé a ti sọ àbùkù tí a mọ̀.

Òfin ilẹ̀ wa náà wà lẹ́yìn oníbàárà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 fún ẹni tó ń ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ẹni tó bá sọ àbùkù ọkọ̀ rẹ̀ lè gba owó tó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní máa fi ojú pamọ́ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, ìdílé kan kò sì ní sun ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ kéékèèké nítorí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ọdún wo ni ọkọ̀ tó wà nílé wa, irú ọ́ìlì wo sì ni gíà rẹ̀ ń mu?
2. Ìgbà wo ni a pààrọ̀ ọ́ìlì náà gbẹ̀yìn?
3. Bí a bá fẹ́ tà á lọ́la, àbùkù wo ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ?

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ wa lálọ àti lábọ̀, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ohun tí a ń rà àti ohun tí a ń tà. Àmín.