Àgbá Gáàsì Ọkọ̀ Akérù
Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń kó irè oko wá sí Old Garage, Òṣogbo, láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti kúrò, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè yín. Gáàsì CNG kò wọ́n tó bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí àgbá rẹ̀: agbára tí a fi ń fún gáàsì náà pọ̀ sínú rẹ̀ tó ìlọ́po 200 ti afẹ́fẹ́ òde. Àgbá gáàsì ìdáná kò lè gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àgbá tí wẹ́dà jó pọ̀ bú gbàmù ní ìlú Benin, ènìyàn farapa. Nítorí náà, kí ẹ tó fi owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí àgbá náà.