Ta Ló Ni Nọ́ńbà Inú Fóònù Yín?

Ìyá kan tó ń ta aṣọ l'Óṣogbo kọ̀wé pé láti ìgbà tí ọmọ òun ti fi fóònù òun yá owó lórí áàpù kan, ọkàn òun kò balẹ̀ mọ́. Ó ní ìjọba ń gbọ́ gbogbo ohun tí òun ń sọ lórí WhatsApp. Ṣé kí òun sọ fóònù náà nù ni?

Kí ó má sọ ọ́ nù o. Láti ọdún 2016, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp àti ẹni tó kọ ọ́ sí nìkan ló lè kà á.

Ibi tí ìyá ti ṣìnà ni pé ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni àṣírí. Lọ́dún 2013, Edward Snowden, tó ti bá àjọ amí NSA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, tú u síta pé àjọ náà ń gba àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà iléeṣẹ́ tẹlifóònù Verizon lójoojúmọ́: ta ló pe ta, nígbà wo, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí obìnrin kan bá pe ilé ìtọ́jú aboyún, tó pe ọkọ rẹ̀, tó wá pe ìyá rẹ̀, ta ni kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀?

Àwọn ayánilówó orí fóònù mọ iyì nọ́ńbà dáadáa. Bí a bá ti gbà kí áàpù wọn wo nọ́ńbà inú fóònù, ó ti dọ́wọ́ wọn nìyẹn. Bí gbèsè bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á kọ̀wé sí àna, sí pásítọ̀, sí oníbàárà, pé olè ni lágbájá. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, ya wọ ọ́fíìsì irú wọn l'Ékòó. Lọ́dún 2023, Google ní àwọn áàpù owó yíyá kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù mọ́. Ṣùgbọ́n áàpù tí a kò gbà láti Play Store, ọjà áàpù Google, kò sí lábẹ́ àṣẹ yìí.

Ìyá, ẹ má bínú, ẹ̀bi yín wà níbẹ̀. Torí aṣọ ni àwọn oníbàárà ṣe fún yín ní nọ́ńbà wọn. Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè kí nọ́ńbà náà tó dé ọ̀dọ̀ ayánilówó.

Ẹ wọ Settings, kí ẹ gba àṣẹ Contacts kúrò lọ́wọ́ áàpù náà, kí ẹ tó yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti dójú tì yín lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí ẹ sì fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC.