Kó Tó Wá Ìdáhùn, Kó Kọ́kọ́ Mọ̀ Bóyá Ó Wà

*Olóòtú, oníṣòwò ni mí ní Tudu. Olùkọ́ ọmọ mi obìnrin ní kó wá odidi nọ́ńbà méjì, x àti y, tí 14x + 21y yóò fi jẹ́ 100. Ó gbìyànjú títí, kò rí i. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Kí ni kí n ṣe? Ìyá kan, Accra New Town.*

Ìyá wa, ẹ bá wa sọ fún bàbá ọmọ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìdáhùn tó ń wá kò sí rárá. Bí yóò ṣe fi ìdí èyí múlẹ̀ ló kù. Méje pín 14 láìṣẹ́kù, ó sì pín 21 láìṣẹ́kù. Nítorí náà, iye yòówù kí ẹ mú nínú wọn, àròpọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méje. Bí ẹ bá pín 100 sí méje, méjì yóò ṣẹ́ kù. Ẹni tó ń dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan lè ṣe é di ọdún tó ń bọ̀, kò ní lè sọ pé kò sí. Lóòótọ́, bí nọ́ńbà bá kéré, ìdánwò lè yá, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ẹ wò ó lórí àtẹ yín. Ọjà jẹ́ 330 sídì, owó bébà 20 àti 50 nìkan ló wà: 20x + 50y = 330. Ẹ yọ 20 lẹ́ẹ̀mejì nínú 50, ó ku 10. Mẹ́wàá pín 20 tán, òun sì ni nọ́ńbà tó tóbi jù tó pín méjèèjì. Ọ̀nà tí Euclid kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Mẹ́wàá pín 330, ìdáhùn wà. Ká ní 335 ni, kì bá tí sí. Ìyọkúrò yẹn náà ló ń bí ìdáhùn: 50 − 2(20) = 10. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 33, y di 33, x di −66. Ẹ wá máa fi owó 20 márùn-ún rọ́pò owó 50 méjì, torí 100 ni apá méjèèjì. Ẹ ó dé orí 20 mẹ́rin àti 50 márùn-ún, lẹ́yìn náà 20 mẹ́sàn-án àti 50 mẹ́ta, lẹ́yìn náà 20 mẹ́rìnlá àti 50 kan.

Ẹlòmíràn yóò bi wá pé kí ni nọ́ńbà tó dín sí òdo wúlò fún. Ṣéńjì ni: bí oníbàárà bá san 20 mọ́kàndínlógún, ẹ ó dá 50 kan padà, y sì jẹ́ −1. Òmíràn yóò ní ìdá náà lè jẹ́ ìdáhùn. Diophantus ará Alexandria ní Íjíbítì, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìṣirò yìí, gba ìdá wọlé; ìwé Aryabhata ní Íńdíà, ní 499, ló ní ọ̀nà tí à ń gbà rí odidi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ìlàjì owó bébà rajà.

Nítorí náà, kí ọmọ yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé: “Kò sí, torí méje kò pín 100.” Kó fún olùkọ́ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìdáhùn tó pé ni.