"Write off" kì í ṣe ìdáríjì gbèsè

Oníṣòwò tó ń ra ọjà ní Mile 12 láti tà á n'Ìṣẹrì Olówóra lè gbọ́ òyìnbó dáadáa, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kékeré méjì nínú ìwé ẹ̀yáwó kó o síyọnu.

"Pay back" ni kéèyàn dá owó tó yá padà, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Pay off" ni kó san án tán, tí kò ku kọ́bọ̀. "Fall behind" ni kí ọjọ́ owó pé kó má rí i san.

"Write off" ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Bí báńkì bá "write off" gbèsè, inú ìwé ìṣirò tiẹ̀ ló ti yọ ọ́. Kò ní kó má bi onígbèsè mọ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fàyè gba báńkì láti yọ gbèsè tọ́jọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú owó tí onígbèsè fi pamọ́ sí báńkì mìíràn.

Nítorí náà, ẹni tó bá san gbèsè tán, kó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ báńkì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.