Ọdún Méje Kejì

Bíbélì Kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 29:15-30

Olùfẹ́, gbogbo wa la mọ ọdún méje tí Jákọ́bù fi sin Lábánì nítorí Rákélì, tó dà bí ọjọ́ díẹ̀ lójú rẹ̀. Ọdún méje kejì ni a kì í sábà wàásù lé lórí. Ẹ ka ẹsẹ 27 sí 30 dáadáa: Rákélì ti di aya rẹ̀ kí ó tó sin ọdún méje mìíràn yẹn. (Ìyàwó púpọ̀ kọ́ ni ká kọ́ lára rẹ̀ o, wàhálà ibẹ̀ wà ní orí 30.)

Ẹ̀yin ọkọ, nígbà tí ẹ ń fẹ́ ìyàwó yín sọ́nà, ẹ ń dúró dè é lẹ́yìn ìsìn, ẹ ń ra súyà lọ́wọ́. Báyìí, "Oúnjẹ dà?" ni ìkíni ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin aya, orúkọ dídùn tí ẹ ń pè é nígbà náà dà? Ọmọ ti gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, "Bàbá Tólú" nìkan ló kù.

Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó jáde nílé, ẹ pe ara yín ní orúkọ àtijọ́ náà. Báwọn ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in.

Àdúrà: Baba, sọ ìfẹ́ ilé mi dọ̀tun, lórúkọ Jésù.