Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: Ẹ FI Ẹ̀DÀ KAN PAMỌ́ SÍLÉ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Aládìrẹ wọ kíláàsì alẹ́ wa, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Aláwàdà ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Nítorí náà ni Tíṣà ṣe fi ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Tíṣà, nǹkan wà o. Olè jí fóònù mi nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, bí mo ti ń bọ̀ láti ọjà Ìtòkú."

"Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀."

"Àmín. Ṣùgbọ́n fóònù kọ́ ló ń dùn mí. Ọmọ mi ti ra òmíràn fún mi. Àkáǹtì tí mo fi ń polówó ọjà ni mi ò lè wọ̀ mọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ aṣínà, mi ò rántí. Wọ́n ní àwọn á fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Síìmù tí mo fi ṣí àkáǹtì náà ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Fídíò tó lé ní igba ni mo ti fi síbẹ̀. Bí a ti ń po ẹ̀kọ tí a fi ń ya aṣọ, bí a ti ń rẹ ẹ́ sínú aró, bí a ti ń sá a. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ti mọ̀ mí. Kò burú, a lè ya òmíràn. Èyí tí a kò lè yà mọ́ ni ti ìyá mi. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2019 mo ya wọ́n ní fídíò. Wọ́n mú ìyẹ́ adìyẹ, wọ́n ń ya Ìbàdàndùn sára aṣọ, wọ́n ń sọ orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan fún wa. Wọ́n fọwọ́ tọ́ka sí òpó Gbọ̀ngàn Mápó lára aṣọ náà. Ní ọdún 2021 wọ́n di ará ọ̀run. Tíṣà, ohùn ìyá mi ni mo sọ nù."

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Tíṣà nu ohun tí ó ti kọ sójú pátákó kúrò. Ó ní ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀ yóò di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

ÀKÁ TA NI?

Tíṣà bi wá léèrè pé: "Bí àgbẹ̀ bá kórè àgbàdo, tí ó kó gbogbo rẹ̀ sí àká ẹlòmíràn, ta ni ó ni àgbàdo?"

A dáhùn pé: "Àgbẹ̀ ni."

"Ta ni ó ni àká?"

"Ẹlòmíràn ni."

"Ó dára. Bí ẹni tí ó ni àká bá ti í pa, tàbí bí àká bá wó, tàbí bí àgbẹ̀ bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, ebi lè pa àgbẹ̀ náà bí ó tilẹ̀ kórè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Facebook, Instagram, TikTok àti YouTube ṣe rí. Àká ńlá ni wọ́n. Wọ́n wúlò fún wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n àká ẹlòmíràn ni wọ́n."

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ olè nìkan ni èyí. Ẹ wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé.

Ní ọdún 2019, Myspace jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, orin, fọ́tò àti fídíò tí àwọn èèyàn ti fi síbẹ̀ láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má sí mọ́. Kò sí olè níbẹ̀. Ẹrù kàn bọ́ lójú ọ̀nà ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 2019 kan náà, Google ti Google+ pa fún àwa ará ìlú. Wọ́n kéde rẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí ó gbọ́, ó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́, tirẹ̀ bá a lọ.

Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá Twitter dúró ní ilẹ̀ wa. Òun ni à ń pè ní X nísinsìnyí. Ó di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó ṣí i padà.

Láti ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 2025, fídíò tí a bá ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ lórí Facebook, èyí tí à ń pè ní "Live", kì í lò ju 30 ọjọ́ lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á pa á rẹ́. Ìwàásù ni o, ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà ni o, bí ẹ kò bá ti gbà á wá sílé, ó tán.

Nínú gbogbo èyí, ẹni tí ó ní ẹ̀dà nílé kò sunkún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

OHUN MÉJÌ NI KÍ A KÓ

Ohun kìíní ni fídíò fúnra rẹ̀. Gbogbo wa mọ ìyẹn.

Ohun kejì ni àkọsílẹ̀ àkáǹtì: orúkọ àwọn tí ń tẹ̀ lé wa, ọ̀rọ̀ tí àwa àti oníbàárà jọ sọ, ọjọ́ tí a fi nǹkan kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, àti ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí èyí. Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣòwò léèrè: bí ó bá sọ ìwé tí ó ń kọ orúkọ oníbàárà sí nù, ǹjẹ́ ọjà inú ṣọ́ọ̀bù nìkan tó o?

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Ẹ má ṣe pa èyí tí ẹ kọ́kọ́ yà rẹ́. Òun ni ojúlówó. Bí a bá fi fídíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sábà máa ń fún un pọ̀ kí ó lè fúyẹ́. Àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ tọ́jú ojúlówó kí ẹ tó fi ẹ̀dà rẹ̀ han ayé.

2. Ẹ béèrè ẹrù yín. Kí a gba nǹkan láti inú íntánẹ́ẹ̀tì wá sínú fóònù wa ni àwọn ọmọ wa ń pè ní dáńlóòdù. Lórí Facebook tàbí Instagram, ẹ tẹ "Settings", lẹ́yìn náà "Accounts Center", kí ẹ wá "Your information and permissions". Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ibi tí wọ́n kọ "Download" tàbí "Export" sí. Lórí TikTok, ẹ tẹ "Settings and privacy", lẹ́yìn náà "Account", lẹ́yìn náà "Download your data". Ti YouTube àti fọ́tò Google wà ní takeout.google.com. Wọ́n lè yí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nípò padà nígbà kan. Ẹ ṣáà máa wá "Download" tàbí "Export".

Facebook àti Instagram á bi yín léèrè irú ìwé tí ẹ fẹ́. Ẹ mú HTML, nítorí ojú èèyàn lè kà á. JSON dára fún kọ̀ǹpútà ju èèyàn lọ. Wọ́n á bi yín bí ẹ ti fẹ́ kí fídíò mọ́ tó. Ẹ mú "High". Bí ẹrù bá pọ̀ tí dátà kò tó, ẹ béèrè ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

3. Ẹ dúró dè é, ṣùgbọ́n ẹ má sùn lọ. Ó lè gbà wọ́n ní wákàtí díẹ̀, ó sì lè gbà wọ́n ní ọjọ́ mélòó kan láti di ẹrù náà. Wọ́n á ránṣẹ́ sí yín bí ó bá ti ṣetán. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ó gbà mú un kì í pẹ́ ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n á tì í, ẹ ó sì tún ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè.

4. Ẹ kó o sí ibi mẹ́ta. Oníṣẹ́ fọ́tò kan ní Amẹ́ríkà, Peter Krogh, ni ó sọ ìlànà yìí di olókìkí: 3, 2, 1. Ẹ̀dà 3, lórí irú ohun ìpamọ́ 2, kí 1 nínú wọn má sí nínú ilé yín. Bí àpẹẹrẹ: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan lórí fláàṣì nínú àpótí, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ yín ní ìlú mìíràn, tàbí lórí Google Drive, níbi tí a ti ń rí àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Iná tí ó bá jó ilé yóò jó fóònù àti fláàṣì pọ̀.

Ẹ kíyè sí i: mẹ́mórì káàdì tí ó wà nínú fóònù kò ní ààbò ju fóònù lọ. Olè tí ó gbé fóònù, ó gbé káàdì lọ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí fídíò ìṣẹ́jú kan bá gba 100 MB, fláàṣì 32 GB yóò gba nǹkan bí 300 ìṣẹ́jú. Wákàtí 5 nìyẹn.

5. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi ọdún ṣáájú, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, kí ẹ tó kọ ohun tí ó jẹ́: 2019-08-17 Ìyá ń ya Ìbàdàndùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa tò tẹ̀ lé ara wọn fúnra wọn.

6. Ẹ ṣí i wò. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣooṣù fún iṣẹ́ yìí, bí ọjọ́ tí ẹ ń san èésú.

KỌ́KỌ́RỌ́ ŃKỌ́?

Bí ẹ bá pa síìmù dà, ẹ tètè lọ yí nọ́ńbà padà nínú àkáǹtì yín, kí àtijọ́ tó kú. Google máa ń fún ẹni tí ó bá fi àgádágodo kejì sí àkáǹtì rẹ̀ ní nọ́ńbà ìpamọ́ 10, oní-dígíìtì 8. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà sí ibi tí ìwé ilẹ̀ yín wà.

Àṣírí yín pọ̀ nínú ẹrù tí ẹ gbà yìí. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà kí òun lè bá yín kó fídíò yín, ẹ sá fún un. Àkáǹtì ni ó fẹ́ kó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti béèrè. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 fún àwa ará Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ pamọ́ nípa wa. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojú rere.

BÍ Ó TI PARÍ

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, Tíṣà yíjú sí Ìyá Aládìrẹ. Ó ní: "Màmá, nígbà tí ẹ ya fídíò ìyá yín, ta ni ẹ fi ránṣẹ́ sí?"

Ó ronú. Ó fò dìde. "Àbúrò mi! Mo fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp!"

A pe àbúrò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ti pa fóònù dà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n èyí àtijọ́ wà nínú àpótí aṣọ òun. Ó fi iná sí i. Ní ọjọ́ kejì, ó tàn.

Àkáǹtì Ìyá Aládìrẹ kò padà wá. Òmíràn ni ó ṣí, oníbàárà mọ́kànlá péré ni ó sì kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀ lé e, ó wá sí kíláàsì, ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú fláàṣì kékeré kan jáde. Tíṣà fi í sí kọ̀ǹpútà. WhatsApp ti fún fídíò náà pọ̀. Ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹnu ìyẹ́ adìyẹ náà. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá mọ́ gaara. A gbọ́ orúkọ àmì kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ̀dà mélòó ló wà báyìí, Màmá?"

"Mẹ́ta ni, Tíṣà. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn."

Ẹni tí ó bá da omi síwájú, yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó dun Ìyá Aládìrẹ ju fóònù rẹ̀ lọ?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí síìmù tuntun kò fi jẹ́ kí ó rí àkáǹtì rẹ̀ wọ̀?
3. Ọjọ́ mélòó ni fídíò "Live" ń lò lórí Facebook nísinsìnyí?
4. Kí ni ìtumọ̀ 3, 2, 1?
5. Kí ni ìdí tí káàdì inú fóònù kò fi tó láti fi ṣe ìpamọ́?

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ: Lálẹ́ òní, ẹ wá fídíò kan tí ẹ kò lè yà mọ́ láyé. Ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ kó o sí ibi mẹ́ta, ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ kọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé yín, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì.