ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Bí ara ṣe ń kọ ọkàn tí a pààrọ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1967, Christiaan Barnard àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọkàn ènìyàn rọ́pò ti ẹlòmíràn, ní ilé ìwòsàn Groote Schuur, Cape Town. Lónìí, oògùn tó ń dín agbára àjẹsára kù ń mú kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé. Síbẹ̀, ara lè máa kọ ọkàn náà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ìjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bo inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú ọkàn tuntun, àmì ìdánimọ̀ ẹni tó fi ọkàn náà tọrẹ ló wà lára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, àwọn sì ni ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀:
• Àǹtíbọ́dì, ohun ìjà àjẹsára aláìsàn, á lẹ̀ mọ́ àmì náà.
• Sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́ á máa fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wá.
• Sẹ́ẹ̀lì inú ògiri iṣan á máa pọ̀ sí i, ihò iṣan á sì máa há, bíi páìpù omi tí ìdọ̀tí ń dí.
• Ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ọkàn mọ́, agbára rẹ̀ á sì dínkù.

Iṣẹ́ abẹ náà máa ń gé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ọkàn lọ sí ọpọlọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í ní ìrora àyà tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ máa yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn wò déédéé, bí ara wọn tilẹ̀ le koko.